Àpótí Kóòdù Tó Sanra

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ ra iṣẹ́ ọmọ mi! Àǹtí Kọ̀ǹpútà — èmi ni mo sọ ọmọ mi bẹ́ẹ̀ — òun àti ọkọ rẹ̀ ló kọ ètò tí a fi ń mọ ibi tí aṣọ kálukú wà ní ilé ìfọṣọ mi. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì rí i, ó wọ̀ ọ́ lójú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ fà á wálẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tiwọn láàárọ̀ — ó ń fà, ó ń fà, títí íńtánẹ́ẹ̀tì fi dákú. Òtẹ́ẹ̀lì fún àwọn ọmọ mi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá tún wálẹ̀, wọ́n á wá ẹlòmíì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo bi ọmọ mi: lẹ́tà lásán ṣáà ni kóòdù tí ẹ fi kọ ètò yìí, báwo ni lẹ́tà ṣe ń sanra? Ó ní, Màámi, àpótí tí a ń kó o sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kóòdù nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwòrán. Fídíò. Wọ́n jókòó ti tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, wọ́n ń pa nǹkan rẹ́. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n wò ó — kò dín rárá! Ó ní ohunkóhun tó bá ti wọ inú àpótí yẹn rí, ó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. O pa á rẹ́ lónìí, ti àná ṣì wà níkùn rẹ̀.
Mo ní ó yé mi. Ìyá ọkọ mi gan-an nìyẹn. Bẹ̀ ẹ́ títí, ohun tí o sọ lọ́dún kìíní ilé ọkọ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Láti òní lọ, Ìyá Ọkọ lorúkọ àpótí náà.

Ọjọ́rú, 6
Àṣírí tú! Wọ́n to ohun tó wúwo jù síwájú. Kí ló kọ́kọ́ yọjú? Fídíò ìgbéyàwó wọn! Odindi — títí dé ibi tí àbúrò mi ti ń jó tí bàtà rẹ̀ fi já. Ọ̀pẹ ló kó o síbẹ̀ — ọkọ ọmọ mi ni, ó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Dípò kó bẹ ìyàwó rẹ̀, èmi ló ń bẹ̀. Ó ní, Mọ́mì, fóònù máa ń sọnù, ibẹ̀ ni mo rò pé kò ti lè sọnù láéláé. Ọmọ mi ní, o rò ó dáadáa, kò kúkú fẹ́ sọnù! Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Wọ́n ti ṣe ẹ̀dà fídíò náà sórí dísìkì, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Wọ́n tún ìtàn Ìyá Ọkọ — gbogbo ẹ̀dà tó ti tọ́jú — kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé fídíò kankan ò wọ ibẹ̀ rí. Ó rù bí ẹyọ ìgbálẹ̀! Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní kí kálukú da ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ nù, kó gba tuntun. Wọ́n ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ìyá Ọkọ tún ti sanra.

Ọjọ́ Ajé, 11
Ọ̀pẹ ni. Ta ni ìbá tún jẹ́? Wọ́n gbàgbé kọ̀ǹpútà ògbólógbòó orí káńtà mi — ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tún nǹkan kékeré kan ṣe lánàá, ó dà á pọ̀ mọ́ tuntun, ó tì í padà sínú Ìyá Ọkọ. Gbogbo ẹrù àtijọ́ bá a wọlé.
Ọmọ mi ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn ní, ìwọ ọkùnrin yìí, ọ̀la ni o. Ọ̀pẹ ò lè jẹun.
Mo ní ẹni tó bá fẹ́ jà kó dúró di Ọjọ́rú. Èmi ni mò ń sanwó iná. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àdánù ni, mo gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ti orí káńtà rẹ́, Àǹtí sì ti ẹnu àpótí pa mọ́ ẹ̀dà àtijọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Ọkọ ti rù padà. Wọ́n ń fẹsẹ̀ ta ara wọn lábẹ́ tábìlì. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo bá wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tẹ bọ́tìnì, ó ń wá awò ojú rẹ̀ nínú báàgì — kó tó rí i, ètò náà ti wálẹ̀ tán! Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú.
Ọ̀gá wo ojú ẹ̀rọ, ó wò wá. Ó ní, kò ju èyí náà lọ? Ohun tó kéré báyìí lẹ ń bu owó ńlá yẹn lé?
Ọmọ mi wo Ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ wolẹ̀.
Mo ní, ọ̀gá mi, aṣọ tútù wúwo ju èyí tó ti gbẹ lọ. Èwo lẹ fẹ́ kí n tẹ́ sórí ibùsùn àlejò yín?
Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun mú báírò wá, kí òun tọwọ́ bọ̀wé.