Wọ́n Ní Ìlú Wa Dọ́gba

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ojú ò ní tì ọ́ nígboro o, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Àwa náà wà, bí ìpayà ò bá pa wá.

Ọmọ mi, mo rí nǹkan! Àwọn olùkọ́ kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n kó gbogbo wa jọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ká yọ ahọ́n, wọ́n fi bébà pélébé kan lé e. Bàbá rẹ pariwo, ó tutọ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó korò ju oògùn ibà lọ. Èmi lá tèmi títí, bébà lásán ni! Ẹnu yà mí, n kò lè pa á dé. Bàbá rẹ wá wò mí sùn-ùn, ó ní àṣé ohun tó ń ṣe ọbẹ̀ mi látọjọ́ yìí nìyẹn.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní oníkálukú ló gba ẹyọ àjogúnbá kan lọ́dọ̀ bàbá, tó gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá, pé ẹyọ tó mọ ìkorò a máa bo èyí tí kò mọ̀ ọ́n mọ́lẹ̀. Háà! Àṣé bàbá rẹ tó ń fi mí ṣẹ̀sín lè gbé irú tèmi pamọ́ sínú! Ó tún ní wọ́n ti wá nígbà ayé ìyá mi, pé bí ìwọ̀n àwọn tó mọ ìkorò àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe rí nígbà náà ló ṣe rí lónìí, pé ìlú wa dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀lú, tí ẹnikẹ́ni ò jáde, tí wọn ò sì fi ti ahọ́n yan ọkọ tàbí ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Ara mi bù máṣọ. Ìwọ ti jáde! Àbúrò rẹ obìnrin sì fẹ́ fẹ́ káfíńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú! Mo sáré lọ sọ fún káfíńtà pé kó gbé ayùn rẹ̀, kó máa lọ kí ìlú má baà yẹ̀. Àbúrò rẹ sunkún, kò jẹun, kò kí mi.

Ìgbà tó yá ni mo rò ó pé ẹnì kan ló jáde, ẹnì kan ló wọlé. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo ní kó lọ yọ ahọ́n fáwọn olùkọ́ náà. Kò mọ ìkorò kankan! Ìwọ náà nìyẹn, o máa ń jẹ oògùn bí ẹni ń jẹ súìtì ní kékeré. Mo dì mọ́ ọn, mo ní mo ti gbà, kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ní bí wọ́n bá ti ṣe tán, ọ̀dọ̀ rẹ nígboro ni òun ń mú ìyàwó òun lọ. Mo jókòó gbì sórí pákó tó ń fá lọ́wọ́.

Jọ̀ọ́, fowó ìgbéyàwó ránṣẹ́, kí o sì fowó ọkọ̀ tèmi kún un. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lọ́hùn-ún, kí ni mò ń ṣọ́ níbí? Bàbá rẹ ní òun ò lọ síbì kankan. Kí ó máa dọ́gba níbẹ̀.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ ò ní gbàgbé ilé rẹ. Ohun tó o bá fọwọ́ kàn á dùn fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já.