Inú Ló Bí I, Ọwọ́ Ò Gbọdọ̀ Gbà Á

Màámi, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún márùn-ún! Ẹ̀rù sì ń bà wá nínú ilé tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ìròyìn ayọ̀. Àbúrò ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà parí lọ́dọ̀ Bàámi, ó sì ti ga jù wọ́n lọ. Ẹ̀yìnkùlé tí omi máa ń dúró sí, a ti da kọnkéré sí i. Èmi àkọ́bí yín ti lọ́kọ, oyún mi sì ti wọ oṣù ìbí. Ilé yìí ni mo fẹ́ bí i sí, torí ọ̀nà jíjìn lọkọ mi ń wakọ̀ lọ, kì í sábà sí nílé. Tìmùtìmù yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e wọlé? Ẹ̀yin agbẹ̀bí tí àwọn aboyún ń bẹ̀rù ju ìrọbí lọ! Ẹ máa ń jágbe mọ́ wọn, títí ìyá arúgbó ẹlẹ́sìn Búdà kan tó fárí kodoro fi mú ọmọ àbúrò rẹ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ yín. Ó wò yín títí, ó ní kí ẹ wá máa bá àwọn jókòó. A fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ta ni kò mọ ìjókòó. Ẹ gbé tìmùtìmù náà wọlé, ẹ jókòó lé e. Láràárọ̀ lẹ ń jókòó, ẹ ń wo èémí bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Bí inú bá bí yín, ẹ ò ní kò bí yín. Ẹ máa ń wò ó bí ẹ ṣe ń wo obìnrin tó ń rọbí, ẹ ò ní fà á, ẹ ò ní tì í padà. Nígbà tó yá, ohùn yín rọ̀.

Bàámi tẹ̀ lé yín. Bàámi tí àwo kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn bí inú bá ń bí wọn! Wọ́n ní ṣebí gbogbo rẹ̀ ò ju pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹ ní gbogbo ayé ló mọ orúkọ baba náà, àwọn tó ń lọ kí i lójoojúmọ́ ni ò pọ̀. Ẹ wá fún wọn lọ́rọ̀ agbẹ̀bí: inú ló bí i, ọwọ́ ò gbọdọ̀ gbà á.

Nígbà tí ẹ lọ, Bàámi ò jókòó mọ́. Ife ló kọ́kọ́ fọ́. Lẹ́yìn náà ó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó kan rédíò yín. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń wọ́ ọ nílẹ̀, àlàáfíà ni. Bí wọ́n bá ń gbá a mọ́lẹ̀, kálukú á wá yàrá rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù nídìí oúnjẹ, ẹ̀rù nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́!

Lóṣù tó kọjá, géètì oníbàárà kan wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàámi ní Àbúrò ló wọ̀n ọ́n ṣì. Àbúrò ò sá bó ṣe máa ń sá tẹ́lẹ̀. Òòlù wà lọ́wọ́ Bàámi, ọ̀pá irin wà lọ́wọ́ Àbúrò, ojú àwọn méjèèjì sì wá jọra. Oúnjẹ wọn ni mo gbé wá. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ ń tàpá nínú mi. Mo rò pé a ó sin ẹnì kan. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yín bọ́ lẹ́nu mi.

“Bàámi, inú ló bí i, ọwọ́ ò gbọdọ̀ gbà á.”

Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ irin sílẹ̀. Bàámi wo òòlù náà bíi pé ẹlòmíì ló fi sí wọn lọ́wọ́. Bàámi jókòó láàárín èérún irin, wọ́n ń mí hẹlẹ, títí èémí náà fi rọlẹ̀.

Láti ìgbà náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jókòó láràárọ̀. Ẹ má rò pé ó ti tán o. Ẹ máa ń sọ pé a kì í dé ojú ogun ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá apó, àmọ́ ojú ogun gan-an la ti rántí. Lánàá, Bàámi tún lu tábìlì. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún gbọ́wọ́ sókè, mo máa kó ẹrù mi, ọmọ ò ní bá mi nílé yìí. Láàárọ̀ yìí, Bàámi ti jókòó kí n tó dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù yín tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó lé.

Màámi, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń mí títí èémí fi tán lára yín. Àárò yín ń sọ wá, a fẹ́ràn yín, Bàámi pàápàá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún bi mí bóyá òun lè gbé ọmọ náà tó bá dé. Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń bi mí.

Inú mi ò ní pẹ́ bí, Màámi. Èyí tí inú máa bí lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbà á, ọwọ́ yín ò sì sí níbẹ̀. Mo ní kí Bàámi jókòó ná.