A Dúpẹ́ Kì Í Ṣe Èsì Àyẹ̀wò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ohun tó wọ́: lánàá ni wọ́n pààrọ̀ fáàfù ọkàn Màmá, ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, wọ́n gba iṣan itan wọlé láìla àyà. Lónìí, ọsíbítù ti dá wọn padà sílé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Yàrá wọn wà lókè àtẹ̀gùn — Alága mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn gbélé — Alága mọ̀. Òun ló sọ fún dókítà pé "àbúrò mi obìnrin wà nílé". Èmi tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń pè ní Alága. Ìjókòó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Níbi iṣẹ́ wa, páálí bébà kì í kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí láìjẹ́ pé a mọ ẹni tó máa gbà á. Ìyá mi ò tó páálí bébà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo dé. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá sí pálọ̀. Alága ń nàka síbi tó yẹ kí n gbé e sí.

Mo pe dókítà. Ó ní bó bá kan pé kí àgbàlagbà padà sílé, kíákíá ló dáa jù, pé bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù a máa sọ ẹsẹ̀ wọn dòkú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Báwo wá ló ṣe mọ̀ pé ara wọn ti yá? Ó ní òun bi wọ́n, wọ́n ní a dúpẹ́.

A dúpẹ́. Bí ilé bá ń jó lé Màmá lórí, tí èèyàn kí wọn, a dúpẹ́ náà ni. Bí ẹni pé dókítà ò ní ìyá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Màmá jẹun. Wọ́n ní ariwo mi pọ̀. Ó fẹ́ jọ pé dókítà jàre. Inú bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Láàárọ̀ yìí Màmá dìde nídìí tábìlì, wọ́n di àga mú, ètè wọn funfun. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo ní, Màmá, ẹ yéé dá mi lóhùn bí àlejò. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ́wọ́: òòyì ti ń kọ́ wọn láti ọsíbítù. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún dókítà? "Ọmọ ọlọ́mọ kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ta ló ń fi àìsàn dáhùn ìkíni?"

Alága ní ká fara balẹ̀, ṣebí Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní ká padà wá. Ìfarabalẹ̀ tirẹ̀, ó lè fi sùn lórí iná.

Mo pe nọ́ọ̀sì ọsíbítù lórí fóònù. Ó ní kí n fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ wọn. Ọkàn yẹn ń lù, ó ń dúró, bí ẹni tó ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fáàfù tuntun, ká máa bọ̀ báyìí, kì í ṣe Ọjọ́ Ajé.

Ọkọ̀ ti dé. Alága ń wá bàtà. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí dókítà nìyí:

À ń gbé Màmá bọ̀. Ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlù ọkàn ti wà nílẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé ara ńkọ́. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí ẹ wo ojú wọn. Ẹ ṣe é kí aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí tó lù, Dókítà. Ẹ̀yin lẹ ní kíákíá ló dáa jù.