Mo Gba Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ìwà Síṣẹ́ ní Béékárì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kì í sùn. Ẹ̀kọ́ tí o ń kọ́ kò ní já sófo. Ó tán, ká sọ̀rọ̀.

Ìwé ìwà ẹ̀dá tí o fi ránṣẹ́, pé kí n wo ohun tí o ń kọ́, olùkọ́ àdúgbò ti kà á sí mi létí, mo sì ti lò ó. O mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ béékárì. Ṣé àbúrò rẹ obìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, àbí ọkùnrin tó ń dáná ààrò, Ẹlẹ́rìn-ín, tí gbogbo oníbàárà fẹ́ràn? Àwọn ọ̀mọ̀wé inú ìwé yín kò fẹnu kò, kálukú ní òun lòun mọ ohun tó ń mú ènìyàn hùwà. Ní kíláàsì òwò tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá ní òun mọṣẹ́, kó wá ṣe é ká rí i. Mo bá gbé béékárì fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní kékeré ló fara pamọ́ sísàlẹ̀ ọkàn tó ń darí wa, òun ló kọ́kọ́ bọ́ síṣẹ́. Mo bi Ẹlẹ́rìn-ín léèrè ìgbà èwe rẹ̀. Ha! Ó sunkún títí búrẹ́dì fi jóná. Mo lé ọ̀mọ̀wé yẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Èyí tó ní ẹ̀bùn àti ìyà ló ń kọ́ni níwà, mo ra súìtì fún ẹni tó bá tètè dé nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Wọ́n sáré wá bí ẹni tí ajá ń lé, ọjọ́ tí súìtì tán, oòrùn ló jí wọn. Èyí tó ní inú ènìyàn dà bí àkàbà, pé ká kọ́kọ́ bójú tó ikùn rẹ̀ kó tó lè ronú ohun ńlá, mo bọ́ wọn yó, wọ́n sì sùn. Àwọn tó pín ìwà sí ọ̀nà márùn-ún ní ká bi kálukú léèrè bó ṣe rí. Gbogbo wọn ní àwọn kì í ṣe ọ̀lẹ! Ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ? Àbúrò rẹ nìkan ló ní òun ò fẹ́ràn ariwo, pé ṣé òun lè padà sídìí ìyẹ̀fun òun.

Ìgbà náà ni mo rántí pé lọ́jọ́ tí búrẹ́dì jóná, kí n tó pariwo tán, ó ti po òmíràn. Kò sì sẹ́ni tó fún un ní súìtì. Mo pè é láàárọ̀, mo ní gba kọ́kọ́rọ́, mo sì ń tún un sọ títí di ọ̀sán. Ó ní màámi, ẹ ti ní kí n gbà á láti àárọ̀, ọwọ́ yín ni kò jẹ́ kó bọ́, irú ẹ̀dá wo ni ìwé pe èyí? Mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé mo di kọ́kọ́rọ́ mú bí ìkókó ṣe ń di ọmú mú. Mo tú ìka mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tètè fi owó ilé ìwòsàn tó kù ránṣẹ́, má ní o ṣì ń ronú. Sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé yín náà kí wọ́n jókòó sí yàrá kan, kí wọ́n má dìde títí ẹnu wọn á fi kò.

Láàárọ̀ yìí mo lọ gba búrẹ́dì ní béékárì ara mi. Àbúrò rẹ ní kí n tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú mi. Mo tò. Ọlọ́run á la ojú mi, kí n lè máa wò ó níṣẹ́ láì dá sí i. Ìwọ náà, ìwà rẹ á máa gbè ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.