Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Bèèrè Ìgbòkun Kékeré?

Yàrá Kẹta,
Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ-Ìgbòkun,
Òpópónà Èbúté.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Eré Ìje Ọkọ̀ Oníkùn-Méjì,
Ilé Àsíá,
Etí Òkun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ÌGBÌMỌ̀ PADÀ MÁA PÀṢẸ ÌWỌ̀N ÌGBÒKUN NÍGBÀ TÍ AFẸ́FẸ́ BÁ LE

Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ yín ni mí. Ìwé girama ni mo kà mọ, ọmọ sì wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé òpó méjì ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń pààrọ̀ lò: èyí tó ga, tó ń gbé ìgbòkun ńlá, àti èyí tó kúrú, tó ń gbé ìgbòkun kékeré, tó wà fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà. Ìgbòkun ayé ìsinsìnyí le bí pákó, kò ṣeé ká sí ìdajì lórí omi. Èyí tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ gbé dúró ní èbúté láàárọ̀ náà ni wọn yóò gbé bọ̀, bí wọn yóò bá bọ̀.

Títí di ọdún tó kọjá, ẹ̀yin lẹ ń wọn afẹ́fẹ́. Bó bá ti le, ẹ ó ta àsíá pupa, gbogbo ọkọ̀ á sì lo òpó kúkúrú. Lọ́dún yìí, ẹ ní kí oníkálukú máa yan èyí tó bá wù ú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Níbi ìdánrawò àkọ́kọ́, ọkọ mi ló sọ pé afẹ́fẹ́ ti le jù, kí wọ́n gbé òpó kúkúrú. Àwọn tí wọ́n jọ ń tukọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n dé àárín omi, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀, gbogbo ọkọ̀ yòókù sì fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Ìkókó. Wọ́n ní kó lọ gbé ọmọ pọ̀n, kó fi òkun sílẹ̀ fún ọkùnrin. Ẹnìkan tilẹ̀ fi ìlédìí kọ́ síbi tó ń kọ́ ẹ̀wù omi rẹ̀ sí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó mú un bọ̀ wálé, ó ní ọmọ ti rí ẹ̀bùn gbà. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ní ìdánrawò kejì, afẹ́fẹ́ ń súfèé nínú okùn ọkọ̀ láti ìdájí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo àwọn dúró, àwọn ń wo òpó gíga, oníkálukú ń retí kí ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá Ìyá Ìkókó pín oyè. Ìyá Ìkókó gan-an dákẹ́, wọ́n sì gbé òpó gíga lọ. Bí ọkọ̀ ṣe yí orí padà, ọ̀kan nínú ikùn rẹ̀ méjèèjì gòkè, imú èkejì rì sínú omi, ó sì dojú dé. Ẹni tó ń fa okùn já bọ́ láti òkè, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Okùn wé ọkọ mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ìgbòkun, wọ́n ní láti gé okùn náà kó tó rí èémí mí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Láti etí òkun kan dé èkejì ni a ń ṣí kiri. Ìyàwó ẹni tó fara pa yẹn nìkan la jọ máa ń sọ̀rọ̀, ó sì ti mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé. Ọmọ nìkan ló kù tí mò ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì tíì lè dá mi lóhùn. Ní girama, wọ́n kọ́ wa pé bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí mo bá sá aṣọ ibùsùn lásán, tí afẹ́fẹ́ gbé e, tí okùn aṣọ tẹ̀, ojú omi lọkàn mi máa ń lọ.

Mo bi í bóyá yóò sọ̀rọ̀ ní Sátidé, ọjọ́ eré ìje gan-an. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ń bá a ṣeré.

N kò ní kí ẹ fagi lé eré ìje. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn ni. Ẹ kàn bá mi gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wọn. Bí àṣẹ bá ti ọ̀dọ̀ yín wá, kò sẹ́ni tí wọ́n máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin ni wọ́n máa bú, ẹ sì pọ̀ tó láti pín in láàárín ara yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fèsì sílé, òun ló ń gba lẹ́tà, n kò sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ̀wé. Fèrèsé wa kọjú sí òpó àsíá yín. Bí afẹ́fẹ́ bá le láàárọ̀ Sátidé, èmi àti ọmọ yóò ti wà níbẹ̀. Bí mo bá rí pupa, mo ti rí èsì.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, lójú fèrèsé,
Ìyàwó Ìyá Ìkókó.