Ogójì Ìṣẹ́jú Tí Mo Máa Ń Sọ Fún Èrò

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ọ́fíìsì kékeré tó o mọ̀ yìí, níbi tí mo ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí iṣẹ́ ibẹ̀ sì máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwa náà wà dáadáa. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Èmi ìyá rẹ ti wọ bàálù. Má rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń wọn ẹrù àti èrò ní pápá bàálù wa, tí mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè pé ọgọ́sàn-án kìlómítà ni sí pápá kejì lẹ́yìn òkè, ogójì ìṣẹ́jú péré. Èmi fúnra mi kò gbéra nílẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Iṣẹ́ ni mo kàn máa ń fi bojú.

Ojú bàbá rẹ ló lé mi wọ̀ ọ́. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, tí kò ríran dáadáa látọdún mélòó kan, nílé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni dókítà sì fẹ́ tú báńdéèjì. Lọ́jọ́rú ni bàbá rẹ pè mí lórí fóònù: "Ìyá wọn, ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí." Bí mo bá gba orí ilẹ̀, ọjọ́ méjì ni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ bàálù ló fúnra rẹ̀ wọ̀n mí. Ó ka iye náà sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́, ó ní òun ń bá àwọn tí mo ti wọ̀n gbẹ̀san ni. Aago kan géérégé la gbéra.

Afẹ́fẹ́ dojú kọ wá, ìkùukùu sì bo òkè, bí awakọ̀ ṣe ní láti yí po nìyẹn. Tíṣà kan tó máa ń bá wa rìn lóṣooṣù ló jókòó tì mí. Nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú kọjá, ó wo aago rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ìṣẹ́jú tiyín gùn ju tàwa lọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo gbàgbé láti di àga mú. Ìgbà náà ni mo tó wolẹ̀. Òkè tó ti ń dí wa lójú látọjọ́ yìí wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, ó rí bí aṣọ tí wọn kò tíì lọ̀.

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rin la lò. Mo sáré wọ takisí, ṣùgbọ́n aago méjì ààbọ̀ ti lù kí n tó dé yàrá wọn. Báńdéèjì ṣì wà lójú bàbá rẹ. Nọ́ọ̀sì ní wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ìyàwó mi ní òun ń bọ̀. Ẹ lọ tọ́jú ẹlòmíì ná."

Dókítà tú u. Bàbá rẹ ṣẹ́jú bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n tẹjú mọ́ mi títí. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí?" Mo ní nígbà tí wọn kò rí mi ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ó yẹ ọ́." Dókítà gan-an yíjú sí fèrèsé.

Bàálù náà la jọ wọ̀ padà lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá rẹ ló jókòó sétí fèrèsé, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi balẹ̀, ibi tí wọ́n ń wò ti pọ̀ jù.

Ọmọ mi, ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Ire ni ojú rẹ yóò máa rí, àlàáfíà ni a ó fi fojú kan ara wa.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, èrò bàálù.

Àfikún: Ìyá rẹ gbé lẹ́tà yìí wálé, mo sì kà á látòkèdélẹ̀. Èmi bàbá rẹ ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ ìlà yìí. Àwòrán rẹ tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dáadáa. O ti rù. Máa jẹun.