Alhaja Hàbíbátù Olúsànyà (1963–2025), Tí Wọ́n Fi Ìyẹ̀fun Irin Ṣe Ojú Ẹ̀rọ Ìlọta

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1963, Alhaja Ìdíátù, aya Alhaji Lìádì oníṣòwò obì ní Sábó, Ṣàgámù, jókòó ti agbọ̀n obì kan, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti lù kúrò nínú èyí tó ń lọ sí Kánò. Wọn ò tí ì ṣà á dé ìdajì tí ìrọbí fi mú wọn. Kí àwọn aládùúgbò tó gbé omi kaná, Hàbíbátù ti dé. Títí bàbá wọn fi kú ni wọ́n ń sọ ọ́ pé, "Ọmọ yìí ò ní sùúrù rárá, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ pa agbọ̀n dé."

Láti kékeré ni ara Màmá Hàbíbátù kò ti gba ìjókòó. Bí wọ́n bá ti ka kéú tiwọn tán, ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́rọ ìlọta ni wọ́n ń lọ dúró sí, kí wọ́n lè wo ohun tó ń mú un yí. Wọ́n ṣe ìwé mẹ́wàá ní Ṣàgámù ní 1980, wọ́n sì lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1988, wọ́n fẹ́ Alhaji Ridwanullah Olúsànyà, tó ń tún tírélà ṣe ní Ògèrè, wọ́n sì bí Tawfiq àti Kàúsárà. Láti 1991 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ni wọ́n ń rìn, tí ṣọ́ọ̀kì á fi kún gbogbo ìborùn wọn.

Ní 2019, Màmá lọ lọ ata ní Ìpara. Ìyá Fadékẹ́, tó ni ẹ̀rọ náà, tú u, ó sì fi hàn wọ́n bí àwo irin méjì tó ń lọ ata ṣe ti jẹ tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ wò ó, Ìyá Tawfiq, ibi tó jẹ yẹn, ikùn wa ló lọ. A ó ti jẹ tírélà kan tán ní Ìpara yìí."

Màmá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa ṣe èyí tí kì í tètè jẹ. Ní 2021, dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, kí wọ́n máa sinmi. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń sá lé: kí ìlérí Ìpara má bá àwọn wọlẹ̀.

Irin tí wọ́n fẹ́ ṣe kì í ṣe èyí tí ọ̀kan ń ṣe ọ̀gá, tí àwọn yòókù ń ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ fún un. Márùn-ún ni: irin tí gbogbo wa mọ̀, níkẹ́ẹ̀lì, kúrómíọ̀mù, máńgánììsì àti alumíníọ̀mù, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọn kì í yọ́ wọn pọ̀. Ìyẹ̀fun wọn ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò irin pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké, wọ́n á fi gáàsì tí kì í jẹ́ kó gbiná kún un, wọ́n á pa á dé, ẹ̀rọ á sì máa yí ìkòkò náà. Bọ́ọ̀lù á tẹ ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, á lẹ̀ wọ́n mọ́ra, á tún fọ́ wọn, á tún lẹ̀ wọ́n, títí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè yà wọ́n mọ́. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa sinmi láàárín, nítorí ó ń gbóná. Ìsinmi yẹn ni Màmá kò lè fara dà. Wọ́n á máa pààrà yàrá, wọ́n á máa gbé etí lé ìkòkò.

Alumíníọ̀mù rọ̀, ara ìkòkò ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ọ̀rá díẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní kí wọ́n kó wá láti Èkó pẹ́ kó tó dé. Màmá kò lè dúró. Wọ́n lọ bu òrí nínú igbá tí wọ́n fi ń para.

Tolúlàṣẹ, tó ń ṣọ́ iná ìléru ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ní, "Òrí kẹ̀, Màmá? Ṣé a bímọ tuntun níbí ni?"

"Dákẹ́, gbé ìdérí wá."

Òrí ṣiṣẹ́. Ìyẹ̀fun náà jáde lẹ́búlẹ́bú, kò lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ di àwo, wọ́n gbé e wọ ìléru, wọ́n sì mú iná ròkè lẹ́ẹ̀kan náà. Iná yìí kì í yọ́ irin. Etí hóró ìyẹ̀fun kan ló ń lẹ̀ mọ́ etí hóró kejì, kí àlàfo àárín wọn lè dí. Àmọ́ òrí ṣì wà nínú àlàfo, iná sì yá ju kó ráyè jáde lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ìléru, àwo náà ti wú bí àkàrà, ó ti lanu.

Tolúlàṣẹ wò ó títí. Ó ní, "Ó ku ẹ̀kọ."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dín òrí kù sí ìwọ̀nba tíńtín. Wọ́n ní kí iná máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó dúró níbi tí òrí ti ń jó dànù, kó má kúrò níbẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi máa tán lẹ́nu páìpù. Kàúsárà ọmọ wọn gbé àga wá. Wọ́n dìde lórí rẹ̀ kó tó gbóná. Ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n yí iná sókè. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, wọ́n ń rìn. Àwo tó jáde lọ́jọ́ náà sún kì, ó kéré sí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ó sì ń dún gan-an bí a bá kàn án.

Màmá dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀, Alhaji Ridwanullah. Àbúrò wọn, Hàmdálátù. Àwọn ọmọ wọn, Tawfiq àti Kàúsárà. Àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ikú wọn ni wọ́n ti de àwo méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ Ìpara. Ìyá Fadékẹ́ kọ́kọ́ fi lọ ògì funfun, nítorí inú rẹ̀ ni irin ti máa ń hàn jù. Wọ́n sẹ́ ẹ, kò sí dúdú kankan nínú rẹ̀. Ó po ògì náà, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Màmá. Àsìkò yẹn, oúnjẹ kì í wù wọ́n mọ́. Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì tún na abọ́ fún un.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánà ṣe ilé yín, Hàbíbátù ọmọ Lìádì. Ẹ sùn ire, Màmá. Àwo náà ò tí ì jẹ.